Fíríìjì kò tutù mọ́? Ẹ má tíì sọ pé gáàsì ló tán o!

Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ọdún, oòrùn Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, kì í ṣe ohun àmúṣeré. Ìgbóná ọ̀sán a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní àdúgbò Tampouy, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ouahigouya, fíríìjì kì í ṣe nǹkan fáàrí lásìkò bẹ́ẹ̀. Òun ni obìnrin tó ń ta omi tútù àti omi ìṣápá, tí wọ́n ń pè ní bissap níbẹ̀, fi ń wá owó ilé-ìwé ọmọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí ooru burúkú bo gbogbo agbègbè náà, yìnyín wọ́n ju búrẹ́dì lọ láwọn ibì kan ní Mali tó múlé ti Burkina.

Lọ́jọ́ tí fíríìjì bá wá kọ̀ tí kò tutù mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé gáàsì ti tán. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò. Gáàsì fíríìjì kò dà bí epo mọ́tò tó ń jó tán. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdín. Bó bá dín, ó ti ríbi jò ni. Oníṣẹ́ tó bá rọ gáàsì tuntun sí i láìwá ibi tó ń jò, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọnmi.

Iná ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Bí iná kò bá lágbára tó, ẹ̀rọ dúdú tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn fíríìjì, tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, yóò kùn, yóò gbóná, yóò sì dákẹ́. Bí iná bá lọ tó sì dé, kí wọ́n dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó tan fíríìjì padà, kí agbára gáàsì inú páìpù lè rọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni eruku. Páìpù ẹ̀yìn fíríìjì ló ń lé ooru inú rẹ̀ síta. Bí eruku pupa Ouagadougou àti ti ọyẹ́ bá bò ó, tàbí tí wọ́n gbé fíríìjì lẹ̀ mọ́ ògiri, ooru kò rọ́nà jáde. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, kí wọ́n sì fàyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ńkọ́? Lára fíríìjì tòkúnbọ̀, ó sábà máa ń gan. Kí wọ́n fi bébà há ilẹ̀kùn. Bí bébà bá yọ wọ́ọ́rọ́, òtútù ń jáde. Bí yìnyín bá sì dì gbagidi, kí wọ́n pa iná, kó yọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ há a lè gún páìpù, ìgbà yẹn gan-an ni gáàsì yóò lọ lóòótọ́.

Bí gílóòbù inú rẹ̀ bá ń tàn ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ yẹ rílè wò, ìyẹn ohun kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun. Bó bá sì jẹ́ pé gáàsì ló jò, kí wọ́n rí ojú ibi tó ń jò, kí wọ́n dí i, kí wọ́n tó rọ òmíràn. Èyí tí wọ́n kọ R600a sí lára máa ń gbiná, ojú gbangba ni kí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, fíríìjì tí wọn kò ṣí lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí mẹ́rin. Ẹran tàbí ọbẹ̀ tó bá ti lo ju wákàtí kan lọ nínú irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní títà. Owó òkòwò dùn-ún pàdánù, ṣùgbọ́n ikùn oníbàárà kì í ṣe ibi tí a ti ń gba owó padà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí wọ́n wo iná, eruku àti rọ́bà, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí onígáàsì.