Ta Ló Dán Báńgà Wò Kó Tó Dé Ìsàlẹ̀ Èkó?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Disẹ́ńbà, mò ń gba Jankara lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ṣáná sí báńgà, ó jù ú sílẹ̀, ó sá sẹ́yìn. Kò dún. Ló bá padà lọ bá a, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un. Ìyá aláta kan pariwo: "Ìwọ ọmọ yìí, má fọwọ́ kàn án o!"

"Mà, ó ti kú," lọmọ náà fèsì.

Gbàù! Kò tíì kú. Ọpẹ́lọpẹ́ ariwo ìyá yẹn, ìka ọmọ ì bá ti lọ.

Àwọn tó ń rán rocket lọ sí òfurufú ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nǹkan kékeré kan wà tó ń ṣáná sí ẹ̀tù inú rocket, kí apá kan lè já kúrò lára ìkejì, kí parachute lè ṣí. NASA ní tiwọn, NASA Standard Initiator. Wọ́n á fi iná mànàmáná ampere 1 sí i fún ìṣẹ́jú 5: kò gbọdọ̀ bú. Wọ́n á ta á níná 25,000 volt lẹ́ẹ̀kan: kò gbọdọ̀ bú. Wọ́n á mì ín jìgìjìgì, wọ́n á gbé e sínú òtútù àti ooru. Ṣùgbọ́n tí iná tó yẹ bá dé, kò gbọdọ̀ kọ̀, kò sì gbọdọ̀ pẹ́.

Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀: èyí tẹ́ ẹ bá yìn wò ti tán nìyẹn, kò ṣeé lò mọ́. Nítorí náà, wọ́n á mú díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣe pọ̀, wọ́n á yìn wọ́n. Àwọn yẹn ló ń jẹ́rìí fún ìyókù.

Ta ló jẹ́rìí fún báńgà Jankara? Ọwọ́ ọmọ wa la fi ń dán an wò.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2012, ilé tí wọ́n kó báńgà pamọ́ sí bú gbàù ní Jankara yìí kan náà. Ó kéré tán, ẹnìkan kú, ọ̀pọ̀ èèyàn fara pa, iná sì ran àwọn ilé tó wà nítòsí.

Mo kàwé nípa òfin, mo sì mọ̀ pé Explosives Act ti ọdún 1964 wà nílẹ̀. Ọdọọdún lọlọ́pàá ń kéde pé báńgà ti di èèwọ̀. Síbẹ̀, ẹ dé Ìdúmọ̀tà nígbà ọdún, ẹ ó rí i rà. Nígbà tá a bá ti ní kò sí, ta ni yóò dán ohun tí kò sí wò? Ńṣe lòǹtajà á lọ kó o pamọ́ sábẹ́ yàrá téèyàn ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Ká dí i ní èbúté pátápátá, tàbí kí àjọ SON mú díẹ̀ nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣáná sí i, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú àáyá tí òwú rẹ̀ fi ń jó. Èyí tó bá kùnà, kí gbogbo ẹrù náà padà síbi tó ti wá.

Bá a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àdúgbò, èyí tí kò bá dún, ẹ má jẹ́ kọ́mọ kankan lọ mú un. Ẹ dúró lókèèrè, kẹ́ ẹ da omi sí i dáadáa. Kò tíì kú.