Ọ̀kẹ́ Owó àti Ìpín Mẹ́ta

Nínú àwọn iye tí àwọn baba wa fún ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 20,000, ni ó ga jù. Àpò owó ẹyọ ni orúkọ náà ti wá. A máa ń sín ogójì ẹyọ sójú okùn kan; àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́. Ẹyọ kékeré tí ó ti erékùṣù Maldives wá lé díẹ̀ ní gíráàmù kan, nítorí náà ẹrù ọ̀kẹ́ kan ju ogún kílò lọ: ẹrù tí ọkùnrin kan lè rù gun òkè ilẹ̀ Òkun, ṣùgbọ́n tí kò lè fi sáré.

Àwọn olùkọ́ sábà máa ń wí pé ogún-ogún ni Yorùbá fi ń ka nǹkan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ogún, igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́: 20, 200, 2,000, 20,000. Ogún ni ìpìlẹ̀, ẹ̀wá ni àkàbà.

Bí a bá tú ọ̀kẹ́ dé gbòǹgbò, èjì márùn-ún àti àrún mẹ́rin tí a sọ di púpọ̀ nípa ara wọn ni a ó bá níbẹ̀, kò sí òmíràn. Nítorí náà ọgbọ̀n iye ni ó lè pín in láìṣẹ́kù. Ènìyàn mẹ́rin, mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógún, kódà ogójì, lè pín in láìjà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn Owé ìlú Kábà pín sí: Kábà fúnra rẹ̀, Katu àti Odolu. Ká ní ó di dandan kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín ọ̀kẹ́ kan dọ́gba. Ẹgbàá mẹ́ta-mẹ́ta kàn wọ́n. Ẹgbàá kan ṣẹ́kù. A tú u sí àádọ́ta okùn: mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún, okùn méjì ṣẹ́kù. A já okùn méjì náà, ọgọ́rin ẹyọ dà sílẹ̀: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n-mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹyọ méjì ṣẹ́kù. Olúkúlùkù gba 6,666, ẹyọ méjì sì wà nílẹ̀ tí kò ní olówó. Ẹni tí ó pín in kò jẹ̀bi. Kò sí ẹ̀ta nínú gbòǹgbò ọ̀kẹ́, títú okùn kò sì lè mú un jáde. Bí a da ọ̀kẹ́ méjì pọ̀, ẹyọ kan yóò ṣì ṣẹ́kù. Ó di ọ̀kẹ́ kẹta kí ọ̀ràn tó tán.

Èènì ni ọ̀nà tí ó kúrú jù. Bí a fi ẹyọ kan lé ọ̀kẹ́, ó di 20,001, ìpín kọ̀ọ̀kan sì di 6,667. Bí a bá yọ ẹyọ kan dípò bẹ́ẹ̀, 19,999 yóò pín sí ọ̀nà méje, 2,857 lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kò lè ṣe.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan tí à ń gbọ́ lórí rédíò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń pè é kì í sábà rántí pé àádọ́ta alárù tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ni òun ń dárúkọ. Ìyẹn náà kò pín sí mẹ́ta: ẹyọ kan ni yóò ṣẹ́kù.