Iṣẹ́ Ọwọ́ Agnes, Wọ́n Ní Oyin Ló Ṣe É!

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná! Bí télọ̀ bá rán aṣọ tó gún régé, táwọn kan wá ní èkúté ló rán an, ṣé inú télọ̀ á dùn? Irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan ní Síńgápọ̀, lápá ìlà-oòrùn ayé lọ́hùn-ún. Agnes Joaquim lorúkọ ẹ̀.

Ará Àméníà làwọn òbí ẹ̀, àmọ́ Síńgápọ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1854. Nígbà tí bàbá wọn kú ní 1872, òun ló bá ìyá ẹ̀ tọ́ àwọn àbúrò. Kò lọ́kọ. Òdòdó tó ń gbìn sọ́gbà ilé ló fi ń dára ẹ̀ lára yá, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́kíìdì.

Orí igi ni ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe àfòmọ́ o! Àfòmọ́ a máa mu oje igi tó gbà á lálejò. Ní ti ọ́kíìdì, ìjókòó lásán ló tọrọ. Òjò àti ìrì ni gbòǹgbò ẹ̀ ń mu. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń gbìn ín nílé kì í fi í rì í mọ́ erùpẹ̀ bí ẹni gbin ẹ̀wà. Èédú àti àfọ́kù ìkòkò ni wọ́n ń kó sídìí ẹ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé. Bómi bá ti pọ̀ jù, gbòǹgbò á jẹrà, ó parí!

Kí ni Agnes wá ṣe? Ó ṣa àtọ̀ lára ọ́kíìdì kan, ó fi sára oríṣi mìíràn, ó sọ wọ́n di lọ́kọláya. Iṣẹ́ sùúrù ni. Èso ọ́kíìdì kéré bí eruku, kò sì ní oúnjẹ kankan nínú. Síbẹ̀, tiẹ̀ hù, ó yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò tẹ́nì kan ò rí rí.

Ní 1893, ó gbé e lọ fún Henry Ridley, ọ̀gá ọgbà ìjọba. Ridley kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé Agnes ló ṣe é, ó sì sọ ọ́ ní Vanda Miss Joaquim. Ní 1899, òdòdó náà gba ẹ̀bùn kìn-ín-ní níbi ìdíje. Ọdún yẹn náà ni jẹjẹrẹ pa Agnes.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ! Lẹ́yìn ikú ẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní oyin ló ṣe é, pé obìnrin náà kàn bá òdòdó láàárín ọparun ni. Nígbà tí Síńgápọ̀ fi í ṣe òdòdó orílẹ̀-èdè ní 1981, ìtàn ọparun yìí ṣì wà lẹ́nu aráyé. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ẹbí Agnes kọ̀ jálẹ̀. Àwọn òpìtàn tú ìwé àtijọ́, wọ́n bá ohun tí Ridley kọ. Ní 2016, ìjọba Síńgápọ̀ gbà pé Agnes ló ni iṣẹ́ ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a.

Ìwé ló gba Agnes, kì í ṣe ariwo. Ẹni tó bá dá àrà tuntun lóko aṣọ, lẹ́nu ọnà tàbí nídìí ìkòkò ọbẹ̀, kó wá ẹlẹ́rìí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Ǹjẹ́ ẹnì kan ti gba ògo iṣẹ́ yín rí? Ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ o!