Dísìkì kan ṣoṣo kò tó gbé owó àjọ wa o!

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń tajà ní Ṣàngó, ẹ̀yin wẹ́dà, mẹkáníìkì àti télọ̀ Ọ̀tà, ẹ gbọ́ ná: bí kọ̀ǹpútà akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín bá kú lálẹ́ òní, ta ni yóò mọ iye tẹ́ ẹ ti dá láti oṣù Ṣẹ́rẹ́?

Láyé ijọ́un, káàdì àti léjà ló ń jẹ́rìí owó. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló gba ipò wọn lọ́pọ̀ ibi. Àwọn iléeṣẹ́ tó tò lọ rẹrẹ lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò náà ńkọ́? Owó oṣù òṣìṣẹ́ àti gbèsè oníbàárà, inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, ni wọ́n ń kó o sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni háàdì dísìkì. Àwo róbótó ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, òmíràn ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tó bá ń yí báyẹn, ọjọ́ kan ló máa dúró. Èyí tí kò ní àwo náà ń kú. Iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀ sì ń dá kún un: bó bá lọ lójijì, ohun tí dísìkì ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́, bó bá padà dé tagbáratagbára, ó lè jó dísìkì.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà

Lọ́dún 1988, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, kọ̀wé pé dípò dísìkì ńlá kan tó wọ́n, ẹ jẹ́ ká so kéékèèké olówó pọ́ọ́kú pọ̀. RAID lorúkọ tí wọ́n fún un.

RAID 1 ló rọrùn jù. Ohun tí wọ́n bá kọ sórí dísìkì kan, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sórí ìkejì. Bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì yín, tó tún ń sàmì sínú ìwé tiẹ̀ ni. Ọ̀kan sọnù, ìkejì ń sọ̀rọ̀.

RAID 5 ń fẹ́ dísìkì mẹ́ta, ó kéré tán. Ká ní 7 wà nínú ọ̀kan, 5 wà nínú ìkejì, àròpọ̀ wọn, 12, wà nínú ìkẹta. Bí ìkejì bá kú, ẹ yọ 7 kúrò nínú 12, 5 yọjú padà! Ìṣirò tiẹ̀ gan-an yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà nìyẹn. Bí méjì bá kú pọ̀, ó parí.

Ẹ ṣọ́ra fún RAID 0. Iṣẹ́ kíákíá nìkan ló wà fún, bí ìgbà tí alábàárù mẹ́rin bá jọ ń já ẹrù tírélà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ló ti gé sí wẹ́wẹ́ pín fún wọn. Ọ̀kan bá sá lọ, ẹrù gbogbo bàjẹ́.

Kò tán síbẹ̀ o

Bí akọ̀wé bá ṣèèṣì pa orúkọ yín rẹ́, orí dísìkì méjèèjì ló ti pa á rẹ́. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà, ó gbé méjèèjì lọ. Nítorí náà, ẹ̀dà mìíràn gbọ́dọ̀ wà nílé mìíràn. Bí dísìkì kan bá sì kú, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíá. Ẹlòmíì á rí iná pupa, á ní "ó ṣáà ń ṣiṣẹ́," títí ìkejì á fi tẹ̀ lé e.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ bi akọ̀wé yín: Dísìkì mélòó ni? Ibo ni ẹ̀dà wà? Ìgbà wo lẹ gbìyànjú ẹ̀dà náà wò kẹ́yìn? Kí i ṣe àrífín, owó yín ni. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó kọ̀wé sí wa, kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n.