Káàdì Mẹ́rin, Káàdì Mẹ́fà: Bí A Ti Ń Ṣírò Ìwà Rere Nínú Eré Bọ́ọ̀lù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ti ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í tán lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin, bí a kò bá sì ní purọ́, kì í tán lẹ́nu àwọn baba wọn pẹ̀lú. Àríyànjiyàn kan wà tí a ti bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ọdún 2018 wá, tí ọmọ a máa bá baba jà á dé ìdí oúnjẹ alẹ́. Àwa náà kọ́kọ́ pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò dáradára, a rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe láti ka ìwà rere bí ẹni ń ka owó ẹyọ?

Bí ọ̀ràn náà ti rí nìyí. Nínú Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí a ṣe ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún náà, Jàpáànù àti Sẹ̀nẹ̀gà wà ní ìsọ̀rí kan pẹ̀lú Kòlóńbíà àti Pólàǹdì. Nígbà tí olúkúlùkù gbá ìdíje mẹ́ta tán, Jàpáànù ní máàkì 4, Sẹ̀nẹ̀gà ní máàkì 4. Jàpáànù gbá gọ́ọ̀lù 4 wọlé, a sì gbá 4 wọlé wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ara wọn ní ìlú Yekaterinburg, ọ̀mì ni wọ́n ta, 2 sí 2. Kò sí ibi tí a lè gbà yà wọ́n, bí kò ṣe nínú ìwé tí rẹfirí ń kọ orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ sí. Káàdì ìyeyè 4 ni a ti fi han àwọn ará Jàpáànù, 6 ni ti àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà. Nítorí káàdì méjì péré, Jàpáànù kọjá sí ìpele kejì, Sẹ̀nẹ̀gà sì di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Àjẹntínà ti lé Nàìjíríà tiwa jáde ní ọjọ́ méjì ṣáájú, nítorí náà nígbà tí Sẹ̀nẹ̀gà lọ, kò ku ẹgbẹ́ Áfíríkà kan ṣoṣo nínú ìdíje náà. Irú rẹ̀ kò tí ì ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1982.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ibi tí káàdì ti wá. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1966, ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bá Àjẹntínà gbá, rẹfirí tí í ṣe ará Jámánì lé Rattin, balógun Àjẹntínà, jáde. Rẹfirí kò gbọ́ èdè Sípéènì tí Rattin ń sọ, ó sì pẹ́ gidigidi kí ọkùnrin náà tó gbà láti jáde. Ken Aston, olùkọ́ ilé-ìwé tí í ṣe ọ̀gá àwọn rẹfirí nínú ìdíje náà, ń ro ọ̀ràn yìí bí ó ti ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé, ni iná ojú títì bá dá a dúró: ìyeyè, rọra; pupa, dúró. Láti inú iná yìí ni káàdì méjèèjì ti jáde, a sì kọ́kọ́ lò wọ́n ní Mẹ́síkò ní ọdún 1970. Ẹ kíyèsí i pé ohun tí ọkùnrin náà ń wá ni ọ̀nà tí ẹni tí kò gbọ́ èdè yóò fi mọ̀ pé a ti bá òun wí. Kò ṣe é láti fi wọn ìwà.

Ìṣirò ni ó dé lẹ́yìn. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2018, káàdì ìyeyè kan ń mú máàkì 1 kúrò. Ìyeyè méjì tí ó di pupa, 3. Pupa tààrà, 4. Ìyeyè tí pupa tààrà tẹ̀lé, 5. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní Ítálì ní ọdún 1990, Ireland àti Họ́láńdì dọ́gba nínú ohun gbogbo. Kèké mú Ireland sí ipò kejì, ó mú Họ́láńdì sí ipò kẹta, Họ́láńdì sì bọ́ sí ọwọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì tí ó lé wọn jáde. Àwọn Àpọ́sítélì pàápàá ṣẹ́ kèké kí wọ́n tó yan Mátíà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà. A kò gbọ́ pé àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù gbàdúrà. Lójú wa, ó sàn kí a yọ ẹgbẹ́ kan nítorí ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n káàdì kì í ka ìwà. Ohun tí rẹfirí rí, tí ó sì kọ sílẹ̀, ni ó ń kà. Àwa tí a ti lo ọdún púpọ̀ nídìí ìwé àkọsílẹ̀, ti ọ́fíìsì àti ti ìjọ, mọ̀ pé iye orúkọ tí ó wà nínú ìwé àwọn tí ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kì í ṣe iye àwọn tí ó fẹ́ràn aládùúgbò wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2009, ní Paris, Thierry Henry ti ilẹ̀ Faransé fi ọwọ́ dá bọ́ọ̀lù dúró kí ó tó gbé e fún Gallas, ẹni tí ó fi orí kàn án wọlé. Gọ́ọ̀lù náà ni ó gba àyè Ireland nínú Ife Ẹ̀yẹ ọdún 2010. Gbogbo ayé rí i, àyàfi àwọn tí ó ń darí eré. Kò sí káàdì. Nínú ìwé, òdo ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2010, ní Johannesburg, Luis Suárez ti Úrúgúwè fi ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù Gánà padà lẹ́nu ilé nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí. Ó gba káàdì pupa, Gánà gba pẹnáritì, Asamoah Gyan gbá a lu igi òkè, Úrúgúwè sì borí nígbẹ̀yìn. Bí bọ́ọ̀lù náà bá wọlé ni, Gánà ni ìbá jẹ́ ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé ìpele àwọn mẹ́rin tí ó kù. Bí a bá fi òfin ọdún 2018 wọ̀n ọ́n, máàkì 4 ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nítorí ayọ̀ gọ́ọ̀lù ń gba káàdì ìyeyè pẹ̀lú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́rin, ẹ̀ṣẹ̀ wọn dọ́gba pẹ̀lú ti Suárez. Irú òṣùwọ̀n wo nìyẹn?

Ẹ wá wo ìdàkejì rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2000, ní pápá Everton ní Liverpool, Paolo Di Canio ti West Ham rí i pé aṣọ́lé Everton ti fara pa, ó sì wà nílẹ̀. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí i níwájú ilé. Dípò kí ó gbá a wọlé, ó fi ọwọ́ mú un, ó dá eré dúró. FIFA fún un ní ẹ̀bùn ìwà rere ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n fífi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù lòdì sí òfin, bí akọ̀wé bá sì le, gbèsè ni yóò kọ sí i lọ́rùn.

Àwọn kan a máa ka fáùlù dípò káàdì. Ìyẹn náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò gbá ṣubú. Ẹni tí ń lé bọ́ọ̀lù kiri ni yóò ṣe fáùlù. Àwọn rẹfirí pẹ̀lú kò dọ́gba. Ní ọdún 2006, nígbà tí Pọ́túgàlì pàdé Họ́láńdì ní Nuremberg, káàdì ìyeyè 16 àti pupa 4 ni ó jáde nínú ìdíje kan ṣoṣo, tí Sepp Blatter, olórí FIFA ìgbà náà, fi wí pé ó yẹ kí rẹfirí fúnra rẹ̀ gba káàdì ìyeyè.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ohun tí ìṣirò náà mú kí Jàpáànù ṣe. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, Pólàǹdì ti gbá 1 wọlé wọn ní Volgograd. Ní ìṣẹ́jú 74, Kòlóńbíà gbá 1 wọlé Sẹ̀nẹ̀gà ní Samara. Akira Nishino, olùkọ́ni Jàpáànù, ṣírò rẹ̀: bí ó bá parí báyìí, káàdì yóò gbé wa kọjá. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn lẹ́yìn, wọn kò lọ síwájú, wọn kò fara kan ẹnikẹ́ni. Pólàǹdì tí ń borí kò lé wọn. Àwọn òǹwòran ń hó lé wọn lórí. Bí Sẹ̀nẹ̀gà bá gbá ẹyọ kan wọlé ní Samara, gbogbo rẹ̀ ìbá wọmi. Wọn kò rú òfin kankan, a kò sì bú wọn. Àwọn tí ó sọ iye káàdì di ẹ̀bùn ni a ń bá wí. Aliou Cissé ti Sẹ̀nẹ̀gà wí pé òfin ni, àwọn yóò sì tẹ̀ lé e, bí ó tilẹ̀ wu àwọn kí a lé àwọn jáde ní ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún náà, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì kọ́kọ́ gbá, Jàpáànù borí ní Saransk, Sẹ̀nẹ̀gà borí ní Moscow. Lẹ́yìn eré, àwọn ará Jàpáànù tí ó wá wòran dúró, wọ́n ṣa pàǹtírí ibi ìjókòó wọn kúrò kí wọ́n tó jáde. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà pẹ̀lú ṣe bákan náà ní Moscow. Nínú èyí pàápàá, ọ̀mì ni wọ́n ta.