Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ Kì í Ké

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá sanra díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, àwọn ènìyàn a máa yìn ín pé ayé ń yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ̀dọ̀ ni a ń wí, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni ó wà. Bí oúnjẹ bá pọ̀ ju iṣẹ́ tí ara ń ṣe lọ, ẹ̀dọ̀ a máa sọ èyí tí ó ṣẹ́kù di ọ̀rá, a sì kó o pamọ́ sínú ara rẹ̀. Bí ọ̀rá náà bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ, àìsàn ti wọlé. Ọtí líle a máa fà á, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí náà lè ní in.

Ẹ wo ọlọ́kadà tí ó jókòó lórí alùpùpù láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò pa òùngbẹ, tí ó jẹ òkìtì àmàlà lóru, tí ó sì sùn. Láfún kì í ṣe májèlé. Àwọn baba wa jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, wọ́n sì roko.

Àìsàn yìí kì í sábà dunni. Lára àwọn mìíràn, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ̀dọ̀ a le, ikùn a kún fún omi, ojú a pọ́n bí òróró, àní jẹjẹrẹ lè tẹ̀ lé e.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ fi okùn wọn ìbàdí yín: bí ó bá ju ínṣì 37 lọ, ẹ tọ dókítà lọ. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen, tí í ṣe ti Onítẹ̀bọmi, àti ti LAUTECH wà nínú ìlú. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ẹ̀dọ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ẹ̀dọ̀ náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ nìkan lè má fi í hàn.

Ẹni tí ó wọn kílò 90, bí ó bá fi sùúrù dín kílò 7 sí 9 kù, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò fà sẹ́yìn. Kí ó máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Kí ó má ṣe mu àgbo tí a rẹ sínú ògógóró pé òun ń fọ ẹ̀dọ̀. Irú rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ sí i ni.

Ẹ̀yin ìyá àti aya, ẹ dín òkèlè alẹ́ kù, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí a bá tètè tọ́jú a máa sàn.