Níbo ni wọ́n ti rọ ọ́? Kíka àmì kékeré ara owó onírin àtijọ́

Nínú àpótí àwọn ìyá wa àgbà tó ṣòwò ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́, owó ìjọba méjì ló sábà máa ń dàpọ̀: ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tó bá ná ọjà Ìmẹ̀kọ, tàbí tó gba ojú ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì, owó ọ̀hún ni yóò gbà bọ̀ wálé. Kí ẹ tó kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ra idẹ àlòkù, ẹ jẹ́ ká wo ohun kékeré kan lára rẹ̀.

Ọdún tó wà lára owó kì í sọ gbogbo ìtàn rẹ̀. Nígbà mìíràn, ibi méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ti rọ owó kan náà lọ́dún kan náà. Àmì tó ń fi ibi tí wọ́n ti rọ ọ́ hàn ni à ń wá.

Lẹ́tà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ẹ mú kọ́bọ̀ oníhò ayé ọjọ́un, èyí tí méjìlá rẹ̀ jẹ́ ṣílè kan, tàbí onínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ tí ìràwọ̀ wà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí H, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló rọ ọ́. KN ni King's Norton, ní Birmingham kan náà. SA ni Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan, London ló ti wá. Òfìfo náà ń sọ̀rọ̀.

Èyí tó wù wá jù ni kọ́bọ̀ 1936 tí wọ́n kọ EDWARDVS VIII sí. Nítorí ihò àárín, kò sí àyè fún orí ọba, orúkọ nìkan ni wọ́n ń kọ. Ọba yìí fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà láì tíì dé adé, owó rẹ̀ kò sì jáde fún ará ìlú ná ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀. Àmọ́ àwọn ìyálọ́jà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ná an. Ó wà ní H, ó wà ní KN, ó sì wà láìní lẹ́tà.

Àwòrán ni àwọn Faransé fẹ́ràn. Ìwo kékeré tí èso kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní corne d'abondance, ni àmì Paris. Àwòrán kejì wà pẹ̀lú rẹ̀, ti ọ̀gá àwọn agbẹ́nà owó: ògùṣọ̀ títí di 1930, ìyẹ́ ẹyẹ láti 1931 dé 1958, lẹ́yìn náà òwìwí títí di 1974. Ìdí nìyí tí owó Tógò ti 1924 fi ní ìwo àti ògùṣọ̀, tí ti Afrique Occidentale Française ti 1948 sì ní ìwo àti ìyẹ́. Ṣùgbọ́n London ni wọ́n ti rọ fráǹkì A.O.F. ti 1944, nítorí ogun.

Ẹ má ṣe ka ẹja tí ẹnu rẹ̀ dà bí ayùn, tó wà lára owó BCEAO, sí àmì yìí o. Òṣùwọ̀n wúrà àwọn Akan ni wọ́n yà síbẹ̀.

Lẹ́tà H kò sọ owó di olówó iyebíye. Ó pọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ó wọ́n, ọjà ló fẹ́ tà.

Ẹ má fi iyanrìn, eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Àmì yìí kò jinlẹ̀, fífọ̀ kan lè pa á rẹ́. Ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi fóònù ya á súnmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọdún, àmì àti agboolé tó ti wá sínú ìwé pélébé, kí ẹ sì fi òun àti owó náà sínú àpò kan.